Ẹ̀YIN PÁSÍTỌ̀ ẸLẸGBẸ́ WA, Ẹ MÁ FỌ́ ÀWO TÍ Ẹ Ò TÍÌ GBỌ́

Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀ o, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wa. A mọ̀ pé àwọn kan máa bú wa. Kò burú. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù èébú, kó má gun orí pẹpẹ.

Ìwé kan wà lórí tábìlì wa báyìí. Ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ní àgbègbè wa ló kọ ọ́, wọ́n sì ní kí gbogbo pásítọ̀ fọwọ́ sí i kó tó di ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ yòówù tí a bá bá ráàpù lórí fóònù rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ayé, ìbáà jẹ́ èyí tí wọ́n ń pè ní ti Kristẹni, kí a yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin, kó má sì ṣiṣẹ́ kankan nínú ìjọ fún oṣù mẹ́ta. Ìwé náà mẹ́nu ba àwọn àwo àkójọ ní pàtàkì, ìyẹn àwo kan ṣoṣo tí olórin mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jọ kọrin sí, tí àwọn ọmọ wa ń fi ránṣẹ́ sí ara wọn lórí WhatsApp. Wọ́n ní orin abẹ́lẹ̀ ni, pé ohun tó bá ti jẹ́ ti abẹ́lẹ̀, ti òkùnkùn ni.

A ò ní fọwọ́ sí i. Ìdí tí a ò fi ní fọwọ́ sí i la fẹ́ sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Àwa náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní àgọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́dún tó kọjá, ní òru ọjọ́ kejì, a rí ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún 17, lẹ́yìn gbọ̀ngàn, tó ki íápíìsì bọ etí nígbà tí a ń wàásù lọ́wọ́. A sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹpẹ, a gba fóònù náà, a fi sí etí wa. Ráàpù ni. A gbé fóònù sókè níwájú gbogbo èèyàn, a fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe àpẹẹrẹ, a ní orin Íjíbítì ló ń gbọ́ nínú aginjù. Ìjọ pariwo Hallelúyà. Ọmọ náà ò sọ nǹkan kan. Fún ọ̀sẹ̀ 11 lẹ́yìn náà, a ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilé Ọlọ́run.

Ìyá rẹ̀ ló wá gba fóònù. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní, "Pásítọ̀, ẹ má bínú o, sà. Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Ṣé ẹ tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nínú orin yẹn kí ẹ tó gbà á?"

Ẹ̀yin ará, a ò gbọ́ ọ. Ìlù nìkan la gbọ́. Ojú tì wá.

A bẹ ìyá náà pé kó jẹ́ kí fóònù sùn sọ́dọ̀ wa ní ọjọ́ kan sí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn a pe ọmọ wa obìnrin, torí Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Amẹ́ríkà yẹn yára ju etí wa lọ, a ní kó kọ ọ̀rọ̀ inú orin náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwo tó wà níbẹ̀ ni 13 Letters, tí ẹgbẹ́ 116 Clique gbé jáde lọ́dún 2007. Àwọn lẹ́tà Pọ́ọ̀lù ni wọ́n mú, mẹ́tàlá tó wà láti Róòmù títí dé Fílémónì, wọ́n sì fi ṣe orin. Àwa tí a ti ń wàásù fún ọdún 24, tí a lọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, tí a gba ìwé ẹ̀rí, a ò tíì wàásù lórí Fílémónì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí. Ọmọ tí a dójú tì ń gba ẹ̀kọ́ Bíbélì lẹ́yìn gbọ̀ngàn wa, nígbà tí àwa ń pariwo lórí pẹpẹ pé ẹni tó bá gbàgbọ́, kó fò sókè ní ìgbà méje.

Ẹ wo orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ pàápàá. 116 yẹn, Róòmù orí 1 ẹsẹ 16 ni, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti sọ pé ìyìn rere Kristi kò ti òun lójú. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wọ̀nyí fi ẹsẹ Bíbélì jẹ orúkọ. Kí ni orúkọ tí àwa ń kọ sára pátákó tiwa? Àwòrán wa àti ti ìyàwó wa ni!

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá yanjú ọ̀rọ̀ "abẹ́lẹ̀" yìí, torí òun ló ń dẹ́rù ba àwọn àgbà wa. Nídìí iṣẹ́ orin, olórin abẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹni tí kò sí ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀ ni, tí rédíò kì í sábà lo orin rẹ̀, tó ń gba ohùn sílẹ̀ nínú yàrá tàbí ní sítúdíò ọ̀rẹ́, tó sì ń ru àwo rẹ̀ sínú báàgì lọ tà lẹ́yìn ìpàdé. Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 18 ẹsẹ 4. Nígbà tí Jésíbẹ́lì ń pa àwọn wòlíì, Ọbadáyà kó 100 nínú wọn pamọ́ sínú ihò àpáta, 50 níhìn-ín, 50 lọ́hùn-ún, ó ń fún wọn ní oúnjẹ àti omi. Ṣé òkùnkùn làwọn wòlíì yẹn ń ṣe? Abẹ́lẹ̀ ni wọ́n wà, torí ààfin ti kún fún wòlíì Báálì tó ń jẹun lórí tábìlì ayaba. Nígbà míì, ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ kọ́ ni Ọlọ́run ń gbé sọ̀rọ̀.

Bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà yìí sì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ní Oklahoma, Stephen Wiley gbé kásẹ́ẹ̀tì Bible Break jáde ní 1985, ìtàn Bíbélì ló fi ráàpù kọ. Ní Dallas, D-Boy Rodriguez mú ìyìn rere tọ àwọn ọmọ ìta tó ń bá ara wọn jà lọ, ó gbé Plantin' a Seed jáde ní 1989, wọ́n sì yìnbọn pa á ní 1990. Ní Los Angeles, Gospel Gangstaz, àwọn tó ti wà nínú ẹgbẹ́ jàǹdùkú tẹ́lẹ̀, ń kọrin pé Jésù gbà wọ́n. Ní Philadelphia, ẹgbẹ́ The Cross Movement gbé Heaven's Mentality jáde ní 1997, tí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ le tó èyí tí wọ́n ń kọ́ wa ní kíláàsì. Ọ̀pọ̀ ilé ìtàwé Kristẹni ló fojú fo wọ́n, torí ó jọ orin ìta. Àwọn ará ìta náà ò sì fẹ́ wọn, torí ó jọ ìwàásù. Wọ́n wà ní àárín méjì, bí àdán tí kò jẹ́ eku tí kò jẹ́ ẹyẹ.

Ibẹ̀ ni àwo àkójọ ti wúlò. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ò lówó tó fi máa ṣe odidi àwo, àmọ́ ó lè ṣe orin kan tó dára. Wọ́n á wá kó orin kọ̀ọ̀kan jọ láti ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ṣe àwo kan. Ẹni tó ra á nítorí olórin kan tó mọ̀, á pàdé mọ́kànlá tí kò mọ̀ rí. Ní California, Syntax Records ṣe Night Owls bẹ́ẹ̀, wọ́n sì tún ṣe òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí Lecrae àti Ben Washer dá Reach Records sílẹ̀ ní 2004, kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé àwo àkójọ tiwọn jáde, ní 2005. Orúkọ tí wọ́n fún un ò ní ìṣekárími kankan, The Compilation Album ni wọ́n pè é. Ẹ̀yin ìyá tó ń dá èèsú lọ́jà, ṣebí ẹ mọ nǹkan yìí? Àjọ ni. Ohun tí agbára ẹnì kan ò ká, ọwọ́ gbogbo wọn ká a.

Àmọ́ owó nìkan kọ́ ló ń fa àwọn ọmọ wa síbẹ̀. A ti ń gbọ́ àwọn àwo yìí láti oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, a sì ti rí ohun tó ń fà wọ́n. Ohun tó ń fà wọ́n ni ohun tí àwa ti sọ nù.

Ní 1988 tí a gba Olúwa, ìpàdé ẹ̀rí ni ọkàn ìjọ. Ìyá ẹlẹ́pà á dìde. Awakọ̀ dánfó á dìde. Ọmọ iléèwé á dìde. Ẹnì kan á ní, "Ẹ bá mi gbàdúrà o, ará, mo tún padà sídìí ọtí lọ́sẹ̀ yìí." Ìjọ á sunkún, wọ́n á yí i ká, wọ́n á gbàdúrà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Kò sẹ́ni tó bi í pé ta ni bàbá rẹ. Lónìí ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ orúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó jẹ́rìí. Ẹni tó ra mọ́tò, ẹni tó rí físà, ẹni tó kọ́lé, òun ló ń gba máìkì. Ẹni tó ń bá ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀jà, a ní kó rí wa ní ọ́fíìsì. Ọmọ ọdún 17 tó ń jà pẹ̀lú àwòrán ìhòòhò lórí fóònù rẹ̀ lóru, ta ló fẹ́ sọ fún? Àwa tí a gbé fóònù rẹ̀ sókè níwájú èèyàn?

Ó wá ki íápíìsì bọ etí, ó gbọ́ ẹnì kan tí kò mọ̀ rí, láti ìlú tí kò dé rí, tó ń sọ pé òun gbàdúrà lánàá, síbẹ̀ nǹkan yẹn ṣì ń dà òun láàmú lónìí, àmọ́ òun ò ní fi Jésù sílẹ̀. Orin parí. Ẹlòmíràn gba máìkì, ó ní bàbá òun wà lẹ́wọ̀n. Ẹlòmíràn gbà á, ó ń ṣàlàyé ohun tí ìdáláre túmọ̀ sí. Obìnrin kan gbà á, ó ní òun ti dárí jì. Ohùn kan kò jọ ìkejì. Àbí kí ni a ń pè ní ìpàdé ẹ̀rí? A ti í pa ní ilé Ọlọ́run, àwọn ọmọ wa bá a ní ṣíṣí nínú àwo àkójọ. A wá fẹ́ lọ fọ́ àwo náà pẹ̀lú!

Bí ẹ bá ní àkójọ orin kì í ṣe ọ̀nà Ọlọ́run, ẹ ṣí Bíbélì yín sí àárín. Orin Dáfídì la máa ń pè é, àmọ́ Dáfídì nìkan kọ́ ló kọ ọ́. Ásáfù ní 12 níbẹ̀. Àwọn ọmọ Kórà wà níbẹ̀. Ìkọkàndínláàádọ́rùn-ún, ti Étánì ni. Ìkàádọ́rùn-ún, ti Mósè ni, ó sì ti kú tipẹ́ kí wọ́n tó bí Dáfídì. Ẹ ka ìkejìdínláàádọ́rùn-ún, ti Hémánì. Kò sí Hallelúyà ní ìparí rẹ̀, inú òkùnkùn ló parí sí, síbẹ̀ Ẹ̀mí Mímọ́ ò ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú àwo. Ẹ̀yin ará, ìwé orin tó tóbi jù nínú Bíbélì, àkójọ ni. Bí Hémánì bá wá sí ìjọ wa lónìí pẹ̀lú orin yẹn, a máa ní kó lọ gba ìdáǹdè ná.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní ìlù ayé ni. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún wa? Àwọn míṣọ́nnárì ló sọ ọ́ nípa dùndún àti bàtá wa, wọ́n ní ìlù òrìṣà ni. Wọ́n fún wa ní orin òyìnbó tí wọ́n túmọ̀, ohùn orin lọ sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti lọ sílẹ̀, a wá ń kọ ohun tí a ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ sí Ọlọ́run. Kánọ́ọ̀nù Josiah Jesse Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá tó bí bàbá Fẹlá, ló wà lára àwọn tó ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ó fi ohùn ilẹ̀ wa kọ orin ìyìn, ó sì kọ ọ́ sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone ní London lọ́dún 1922. Orin tó jọ ti ìta nígbà náà ti di orin àwọn àgbà lónìí. Dùndún tí wọ́n lé jáde ti wà nínú ilé ìjọsìn wa, àwa pàápàá ń jó sí i lọ́jọ́ Ìdúpẹ́. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti jìyà kí ìlù yẹn tó wọlé. Ṣé àwa ló wá yẹ ká máa tilẹ̀kùn mọ́ ọmọ?

Ẹ máa ní ẹnu wọn yára jù. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìjálá dàgbà! Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí onírárà ṣe ń rọ̀jò oríkì sórí ọba láì mí! Ẹ ò sọ pé ìyẹn yára. Etí yín ló mọ́ ọn lára.

Ẹ máa ní àwọn olórin náà ń ṣubú. Níbí, a gbà fún yín. Òótọ́ ni. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ The Cross Movement kéde ní gbangba ní 2022 pé òun ti kúrò nínú ìgbàgbọ́. Ó dùn wá. Òkìkí náà ní ìdánwò tirẹ̀, láti ìgbà tí Lecrae ti gba Grammy fún Gravity ní 2013 ni ọ̀pọ̀ ti ń sáré ohun tó rí, tí wọn ò sáré ohun tó wàásù. A ò ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí Démà nínú 2 Tímótì 4. Pọ́ọ̀lù ò fọ́ gbogbo lẹ́tà rẹ̀ torí Démà lọ. Ẹ sì dárúkọ àwọn pásítọ̀ tó ti ṣubú lójú wa. Ṣé a ti gbogbo pẹpẹ pa nítorí wọn? Ẹ̀kọ́ tí àwo àkójọ fi ń kọ́ wa pàápàá nìyí, pé kò yẹ kí ìgbàgbọ́ ọmọ wa rọ̀ mọ́ orúkọ ẹnì kan. Bí ọ̀kan bá dákẹ́, mọ́kànlá ṣì ń kọrin. Èlíjà rò pé òun nìkan ló kù, Olúwa ní òun ṣì ní 7,000.

A ò sọ pé gbogbo rẹ̀ dára o. Nínú àwọn tí a gbọ́, a bá èyí tó jẹ́ ariwo lásán. A bá èyí tó dárúkọ Jésù lẹ́ẹ̀kan, tó dárúkọ ara rẹ̀ nígbà ogún. 1 Tẹsalóníkà 5 ẹsẹ 21 ní ká dán ohun gbogbo wò, ká di èyí tó dára mú. Ẹni tó fòfin dè é ò tíì dán an wò. Ó kàn sá ni. Pọ́ọ̀lù dé Áténì, ó ti mọ ohun tí àwọn akéwì wọn kọ, ó sì fi wàásù fún wọn nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 17. Àwa ò mọ orúkọ orin kan ṣoṣo tí ọmọ tiwa ń gbọ́, a wá fẹ́ jẹ́ onídàájọ́.

Nítorí náà, ohun tí àwa máa ṣe ní ìjọ tiwa nìyí. Ìkíní, ìwé yẹn máa padà lọ láìsí ìfọwọ́sí wa, bí wọ́n bá sì fẹ́ bá wa wí, a ti múra. Ìkejì, láti oṣù tó ń bọ̀, ní Jímọ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù, kí ọ̀dọ́ kọ̀ọ̀kan mú orin kan wá, kó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀. A máa ṣí Bíbélì, a máa yẹ̀ ẹ́ wò pọ̀. Èyí tó bá ṣìnà, àwọn fúnra wọn ló máa rí i. Ìkẹta, a máa ra máìkì tó dáa fún wọn, kí wọ́n ṣe àwo àkójọ tiwọn, ẹnì kọ̀ọ̀kan orin kan, kò sí ọ̀gá níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo la bẹ̀ wọ́n. Ẹ má wá máa fimú sọ̀rọ̀ bí ará Atlanta nígbà tó jẹ́ pé Ìwó la ti bí yín. Ní 2020, àwọn 116 kan náà gbé Sin Vergüenza jáde fún àwọn tó ń sọ èdè Spéìnì. Láìsí ìtìjú ni orúkọ yẹn túmọ̀ sí, Róòmù 1:16 náà ni. Bí ìyìn rere ò bá tì wọ́n lójú ní èdè Spéìnì, ẹ má jẹ́ kó tì yín lójú ní èdè Yorùbá. Ohùn wà lẹ́nu yín tí Amẹ́ríkà ò ní. Rooftop MCs ti ń fi ráàpù wàásù nílùú Èkó ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn, àwa ni a ò fetí sílẹ̀. Limoblaze, ọmọ Nàìjíríà, ti wà lábẹ́ Reach Records kan náà. Ilẹ̀kùn ti ṣí, ẹ wọlé pẹ̀lú èdè ìyá yín.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó gba fóònù ọmọ yín lónìí, ẹ jókòó tì í. Ẹ ní, "Jẹ́ kí n gbọ́ ọ." Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ íápíìsì kan, kó lo ìkejì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni.

Ọmọkùnrin yẹn ti padà. Àwa la lọ bá a nílé. A tọrọ àforíjì níwájú ìyá rẹ̀, ní Sunday tó tẹ̀ lé e a sì tún un tọrọ níwájú gbogbo ọ̀dọ́, torí níwájú gbogbo wọn la ti dójú tì í. A bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ fún wa lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé ìwé Róòmù lòún ń gbọ́. Ó wolẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ ò béèrè."

Ẹ̀yin pásítọ̀ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ béèrè o. Ẹ béèrè kí Sátidé tó dé.

Olúwa á fún wa ní etí ìgbọ́ràn. Ọmọ wa kankan ò ní ti ọwọ́ wa sọnù, ní orúkọ Jésù. Ẹni tó bá gbà á, kó kọ Àmín sísàlẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí pásítọ̀ kan.